Ẹ̀mú Nínú, Ẹní Lórí

Nígbà tí Tinei ká ìbòjú imọ̀ àgbọn tó kọjú sí ọ̀nà sókè láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti wà níbẹ̀. Kò gbọ́ ìró ọkọ̀, ajá ilé kò sì gbó. Àwọn ọkùnrin náà jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́, láàárín ilé àti ibojì àwọn òbí ọkọ rẹ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ kò, wọ́n dorí kodò. Níwájú gbogbo wọn, ẹní kan ṣoṣo bo èèyàn méjì mọ́lẹ̀.

Ẹní náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sùn lé. Ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ, ìyẹ́ ẹyẹ pupa wà létí rẹ̀, ó sì ti wà nínú ayé kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé abúlé yìí. Irú rẹ̀ kì í kúrò nínú àpótí lásán. Ẹni tó bá gbé e lé orí ara rẹ̀ níwájú ilé ẹni tó ṣẹ̀, ohun tó ń wí ni pé: orí wa rèé, ọwọ́ yín ni àdá wà, ọwọ́ yín náà ni àforíjì wà. Bí onílé bá ká ẹní kúrò, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá ká a, wọ́n á jókòó síbẹ̀.

Orí Tinei wú. Ó ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ilé tirẹ̀ rí. Ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ láti ìbàdí kan sí ìkejì, ó padà sínú ilé.

"Bàbá Siniva, wọ́n ti dé."

Vaafusu, ọkọ rẹ̀, jókòó ti òpó tí olóyè ilé máa ń fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo ti rí wọn."

"Dókítà ọ̀hún ńkọ́?"

"Abẹ́ ẹní ló wà. Òun àti àgbà ìdílé wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn wá bá wọn níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ yí ojú padà sí ìta.

Ọ̀rọ̀ tó gbé àwọn èèyàn náà wá kò ṣòro láti sọ, gbígbà á gbọ́ ló ṣòro. Siniva, ọmọbìnrin ilé yìí, lọ bí ọmọ ní ilé ìwòsàn kan lódìkejì omi, ní erékùṣù Upolu, abẹ ni wọ́n sì fi gbé ọmọ náà jáde. Ọmọ ti ń dá jókòó báyìí, ó ti hu eyín, ìyá rẹ̀ kò sì tíì jókòó lẹ́ẹ̀kan kó má fọwọ́ di inú mú. Nígbàkigbà tó bá padà lọ, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n á fún un ní oògùn funfun wẹ́wẹ́, wọ́n á ní kí ó mọ́kàn le bí abiyamọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó wá di pé omi lásán kò dúró nínú rẹ̀ mọ́ ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó yẹ kí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni ẹ̀mú, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń di iṣan mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Wọ́n ti la Siniva, wọ́n ti gbé ọmọ, wọ́n ti rán an, wọ́n sì gbàgbé ẹ̀mú sí i nínú.

Fọ́tò náà wà lára òpó tó kọjú sí òkun, Vaafusu ló fi okùn so ó kọ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ wọlé. Tinei ti pinnu pé òun kò ní wò ó mọ́, ó tún wò ó. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ rèé, bí egungun ṣe tò lé ara wọn. Egungun ìhà rẹ̀ rèé, funfun bí èéfín. Láàárín gbogbo ohun tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, irin náà nà gbalaja. Ó funfun ju egungun lọ, ó ní ihò méjì tí ìka ń wọ̀ bíi ti àlùmọ́gàjí, ó sì la ẹnu díẹ̀.

Irin yìí ni Siniva gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló gbé sùn, òun ló gbé jí, òun ló gbé sọ̀kalẹ̀ lọ ṣa ìṣáwùrú létí òkun. Orí rẹ̀ ló gbé ọmọ lé nígbà tó ń fún un lọ́mú. Ẹran ara gba irin lálejò, ó yí i ká, ó bò ó, kò sì jẹ́ kí ó pa onílé. Tinei kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni tàbí kí òun kúnlẹ̀. Ó dúró síwájú fọ́tò náà títí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọjọ́ òní ni wọ́n fẹ́ tún la Siniva láti yọ ọ́. Ó yẹ kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹnusọ abúlé ti wá sọ fún wọn lánàá pé ìdílé dókítà ń bọ̀, olóyè kì í sì í fi ilé sílẹ̀ lófo kí ẹlẹ́bi wá kúnlẹ̀ fún òpó. Ìyàwó olóyè náà kì í kúrò nídìí oúnjẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Iosua, ọkọ Siniva, nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun àti fóònù rẹ̀.

"Ọmọ mi wà lórí tábìlì," Tinei wí, "èmi wà nílé, mò ń gbọ́únjẹ fún ẹni tó sọ inú ẹ̀ di àpótí irinṣẹ́."

"Tinei."

"Irọ́ ni mo pa?"

"N ò ní irọ́ lo pa. Mo ní kó o rọra. Etí wà níta."

"Kí wọ́n gbọ́. Bí àlejò bá jẹun nílé yìí, mo máa ń ka ṣíbí kí n tó da omi àwo nù, torí kí ṣíbí kan má baà bómi lọ. Ṣíbí o. Àwọn wo ikùn èèyàn, wọ́n ń rán an, kò sẹ́ni tó ka irin."

Vaafusu mí kanlẹ̀. "Ẹni tó mẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo fẹ́ lọ ká ẹní yẹn kí oòrùn tó mú. Arúgbó ló wà lábẹ́ ẹ̀."

"Bó o bá ká a kí Siniva tó lajú, màá kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi. Bó bá kú sórí tábìlì ńkọ́? Àforíjì tó o ti fún wọn, wàá sáré tẹ̀ lé wọn lọ gbà á padà?"

Vaafusu padà fẹ̀yìn ti òpó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi í sí nìyẹn: ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ẹní títí Iosua yóò fi pè.

Lẹ́yìn ilé, òkúta tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ti ń gbóná nínú ààrò. Wọ́n ti pa ẹlẹ́dẹ̀ kan, nítorí pé bí wọ́n bá ká ẹní, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ di àlejò, àlejò sì gbọ́dọ̀ jẹun. Tinei jókòó, ó ń ha kókò, ó ń há ìbínú rẹ̀ mọ́ eyín. Ó ṣòro kí èèyàn máa gbọ́únjẹ fún ẹni tí òun kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò bú tàbí òun yóò bọ́.

Masele, aládùúgbò wọn, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó gbé gbèrèfútù sínú agbọ̀n, ó gbé ìròyìn sẹ́nu.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Ìyá Siniva. Ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn lánàá ni wọ́n ní wọ́n bá wá sí Savaii níbí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọ abúlé kí ọkọ̀ má baà pariwo. Arúgbó yẹn náà fẹsẹ̀ rìn."

"Ta ló ní kó lọ́mọ burúkú?"

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà ò burú, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un." Masele jókòó ti agbọ̀n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ yìí sanra. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? Ta lẹ ó gbé ẹ̀yìn ẹ̀ fún?"

Ọ̀bẹ Tinei dúró lórí kókò.

"Mo kàn béèrè ni," Masele wí. "Èmi kì í dá sọ́rọ̀ ẹlẹ́bí."

"Gbé gbèrèfútù yẹn síná."

"Mo ti ń gbé e. Ẹni tó ni ẹ̀yìn yìí ń gbálẹ̀ lódìkejì ọ̀nà láti àárọ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Ó ń gbá ibi tó ti mọ́."

Kò sí ọmọ abúlé tí kò mọ ẹni tó ni ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀. Arábìnrin olóyè ló ni ín. Ní ilé yìí, Fiapaipai ni ẹni náà, ẹ̀gbọ́n Vaafusu, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn gan-an lódìkejì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí àwo oúnjẹ kankan ti sọdá ọ̀nà náà. Níbi ìgbéyàwó Siniva, ẹní tó tọ́ sí Fiapaipai ni wọ́n gbé fún àwọn àna. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Ìgbà tí inú Siniva wá ń run tí kò dáwọ́ dúró, Tinei ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: ẹ̀rín wo ló rín lọ́jọ́ yẹn? Ìbínú arábìnrin bàbá ni wọ́n ń bẹ̀rù níbí ju ìjì òkun lọ. Kò dìgbà tó ṣépè, bó bá ti di í sínú, ara ọmọ arákùnrin rẹ̀ ni yóò ti yọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀?

Ni wọ́n bá pe Fiapaipai wá lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bu omi sínú igbá àgbọn fún un, wọ́n ní kó fi yọ ẹnu, kó tu ú sílẹ̀, kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bá a jáde. Ó ní kò sí nǹkan kan nínú òun. Wọ́n ní kó ṣáà tu ú. Ó tu ú. Ìrora Siniva kò lọ. Wọ́n tún pè é, ó tún tu ú, lójú àwọn ọmọ, lójú aya pásítọ̀. Ìgbà tí ìrora náà kò lọ síbẹ̀, Tinei ní ẹnu ló tu omi, ọkàn kò tu ohunkóhun. Ẹyin lọ̀rọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ náà, Fiapaipai kò wọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

Tinei ha kókò kan tán, ó mú òmíràn. Kò wo ojú Masele.

Fóònù dún. Tinei sáré wọlé, ṣùgbọ́n Feleti ni, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ọ́kílándì lókè òkun, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé nígbà tí Vaafusu gbé fóònù náà sílẹ̀ láàárín wọn.

"Ẹ má ká ẹní kankan o. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Lọ́yà lẹ máa gbà. Níbí, wọ́n á ti kan gbogbo wọn mọ́gi."

"Ilé ẹjọ́ ò sá lọ," Vaafusu wí. "Ọsibítù á jẹ́jọ́ tiẹ̀ níbẹ̀, mo ti sọ fún agbẹnusọ. Èyí tó wà níta yìí, ẹjọ́ èèyàn ni."

"Èèyàn wo? Ẹní ni wọ́n fẹ́ fi tàn yín."

"Feleti, ẹni tó wà lábẹ́ ẹní yẹn tó bàbá ẹ lọ́jọ́ orí."

"Bàbá mi ò gbàgbé ẹ̀mú sínú ẹnì kankan."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Tinei, ó gbé e mì. Ohun tí àbúrò rẹ̀ wí dùn mọ́ ọn nínú, síbẹ̀ nígbà tó gbójú sókè, tó tún rí àwọn èèyàn náà lórí òkúta, adùn náà kò dúró. Oòrùn ti ga. Òógùn ti mú ẹ̀wù àwọn tó wà lẹ́yìn lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ẹnikẹ́ni kò béèrè omi, ẹnikẹ́ni kò yí ẹsẹ̀ padà. Eṣinṣin ń bà lé wọn, wọn kò lé e. Àwọn ọmọ iléèwé tó máa ń fi ariwo kọjá níwájú ilé náà dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì pa orin rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, kò sì tan án padà títí ó fi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà ni ojú ọjọ́ ṣú láti orí òkè. Kí àwọn obìnrin tó kó aṣọ wọlé, òjò ti dé, òjò ńlá tí kì í fi ẹ̀kán bẹ̀rẹ̀. Gbogbo abúlé sá sábẹ́ òrùlé, gbogbo ojú sì yí sí ọ̀kan ṣoṣo. Òjò ń lu ẹní náà. Ẹní tí àwọn ìyá ńlá fi ọdún àti ọdún hun, tí wọ́n ń sá sóòrùn bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, tí omi kò kàn rí, òjò ń lù ú bí ẹni lu àkísà. Ìyẹ́ pupa náà lẹ̀ mọ́lẹ̀. Masele fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin kan ní ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́.

"Tinei," Vaafusu wí. "Ẹní yẹn á bàjẹ́."

"Kó bàjẹ́. Ọmọ mi kò tíì lajú."

Ó sọ ọ́, ẹ̀rù sì bà á bó ṣe sọ ọ́. Bí ẹní náà ṣe tutù, ó lẹ̀ mọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wá hàn bí arúgbó náà ṣe kéré tó. Ọwọ́ rẹ̀ kan yọ létí ẹní, ó hunjọ, ó tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mìíràn wà lórí rẹ̀, ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní. Tinei wo ọwọ́ náà títí. Ọwọ́ yẹn ló wọ inú Siniva. Òun náà ló gbé ọmọ tó ń sùn nínú ilé yìí jáde láàyè, òun náà ló fi irin sílẹ̀. Ọwọ́ kan náà. Kò mọ ohun tí èèyàn ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ìgbà tó gbé ojú kúrò ni ó rí Fiapaipai.

Obìnrin náà dúró létí ọ̀nà níwájú ilé rẹ̀, nínú òjò. Kò gbé agbòjò, kò fi ewé borí. Irun funfun rẹ̀ ti tú sí èjìká. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí èèyàn ṣe ń dúró nígbà tí òkú ẹni ńlá bá ń kọjá. Gbogbo abúlé wà lábẹ́ òrùlé, wọ́n ń wò. Òun nìkan ló bá àwọn ẹlẹ́bi gba òjò, ẹni tí kò jẹ ẹ̀bi kankan.

Ohun kan já nínú Tinei. Láti ìgbà tó ti rí fọ́tò náà ló ti ń bínú, ìbínú náà sì dára, ó gbé e ró. Kò tíì ro ó débi tó yẹ kó rò ó dé. Irin ló wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé omi fún Fiapaipai, irin ló wà níbẹ̀. Ìgbà kejì náà, irin ni. Wọ́n ní kí obìnrin náà tu ẹ̀mú oníṣẹ́ abẹ láti ẹnu rẹ̀.

Fóònù dún.

"Màmá." Iosua ń sunkún. "Màmá, wọ́n ti yọ ọ́. Ó ti lajú."

Vaafusu ló dáhùn. "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, Bàbá. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó béèrè ọmọ. Mo ní ọmọ wà lọ́dọ̀ Màmá." Iosua fa imú. "Ó tún béèrè pé ṣé ẹnì kan ti sọ fún Àǹtí Fiapaipai."

Òjò ń dún lórí òrùlé.

"Màmá, kí n ní kí ni?"

"Sọ fún un pé kó sinmi," Tinei wí. "Sọ fún un pé a ti gbọ́."

Vaafusu ti wà níta. Ó rìn nínú òjò láìwọ bàtà, ó dé iwájú ẹní náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká a kúrò lórí wọn. Arúgbó náà gbìyànjú láti dìde, eékún rẹ̀ kò gbà. Vaafusu kò dúró de ẹnì kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó gbé e dìde fúnra rẹ̀ bí ẹni gbé bàbá tirẹ̀. Láti gbogbo ilé abúlé ni ìmí ẹ̀dùn ti sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Omijé bọ́ lójú Tinei, kò sì mọ ẹni tó ń sunkún fún nínú gbogbo wọn.

Dókítà náà kéré ju bó ṣe rò lọ. Òkúta ti gé eékún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bá omi òjò lọ. Ó wọlé, ó jókòó sétí ibi tó rẹlẹ̀ jù, kò wo fọ́tò tó wà lára òpó.

"Ìyá," ó wí, "iná lọ nígbà tá a ṣì ń ṣiṣẹ́. Tọ́ọ̀ṣì la fi rán an. Ẹlòmíràn tún ń dúró ní yàrá kejì. Ó yẹ kí n ka irin. N ò kà á."

"O ò kà á."

"N ò kà á, Ìyá. Ìgbà tó padà wá tó ní inú ń run òun náà, n ò gbọ́ ọ."

Láti àná ni Tinei ti ń kó èébú jọ. Kò rí ẹyọ kan mú jáde. Ó dìde, ó mú aṣọ gbígbẹ, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì padà sídìí oúnjẹ.

Wọ́n jẹ kókò, wọ́n jẹ gbèrèfútù pẹ̀lú wàrà àgbọn. Arúgbó náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní àwọn wá gẹ́gẹ́ bí òkú, àwọn ń lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Nígbà tí òjò dá, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Wọ́n fi ẹní náà sílẹ̀, nítorí ti onílé ni láti ìgbà tó ti ká a. Vaafusu tẹ́ ẹ sórí ibojì àwọn òbí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín ilé. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

"Gbé e sọdá fún un," Vaafusu wí, kò wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹran?"

"Ó mọ àṣà. Bó bá rí ẹran, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí."

"Bí dókítà bá gbé ẹran wá fún wa láàárọ̀ yìí, tó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó yí padà lọ, ṣé wàá gbà á?"

Vaafusu fọwọ́ pa ojú. "Olóyè ni mí, Tinei. O fẹ́ kí n lọ jókòó sórí òkúta lójú gbogbo abúlé nítorí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Ìwọ lo gbé omi fún un."

Atẹ́gùn ń mi fọ́tò náà lára òpó, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tinei gbé ọmọ fún Masele. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ibojì, ó gbé ẹní. Omi ti mú kí ó wúwo. Ó gbé e sọdá ọ̀nà, ó jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú ilé Fiapaipai, ó ká ẹsẹ̀, ó sì fà á bo orí ara rẹ̀.

Abẹ́ ẹní ṣókùnkùn. Ó ń rùn bí ewé àtijọ́ àti òjò, òógùn àwọn tó kúrò níbẹ̀ kò tíì tán lára rẹ̀. Òkúta gún un ní itan. Ó gbọ́ tí bọ́ọ̀sì dẹwọ́, tí orin inú rẹ̀ kú. Ó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń jáde sétí ilé wọn. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Láàárọ̀ ló ti rò pé ẹni tó wà nínú ilé ló ní agbára. Ó wá mọ̀ báyìí bí àkókò ṣe ń gùn tó lábẹ́ ẹní, bí èèyàn kò ṣe rí nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi ohun tó ṣe.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, òkúta dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí ẹní ká sókè, ẹnì kan tó wúwo wọ abẹ́ rẹ̀ wá, èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀. Ó mọ ìmí náà. Vaafusu ni. Ó dorí kodò bíi tirẹ̀, ó gbé ọwọ́ sórí òkúta, Tinei sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

Nígbà náà ni ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé, ìgbálẹ̀ ọwọ̀ àgbọn lórí òkúta, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò yára. Ó gbá ọwọ́ òsì wọn. Ó gbá ẹ̀yìn wọn. Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó tún padà sí iwájú, bí ẹni pé òkúta méjì ni wọ́n tí a gbọ́dọ̀ gbá yí ká. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Fiapaipai kò ní ẹ̀tọ́ láti gbá ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n jókòó, ó ń gbá.

Ìgbálẹ̀ dákẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ wọlé lójijì. Fiapaipai ti ká ẹní kúrò, ó ń ká a sí apá rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ń fi ọwọ́ na àwọn ìyẹ́ tó ti wé. Kò tíì wò wọ́n. Ó gbé e wọlé. Nígbà tó jáde padà, ó di igbá àgbọn mú, omi kún inú rẹ̀.

Tinei rí igbá náà. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó bẹ̀rẹ̀.

"Siniva ńkọ́?"

"Ó ti lajú, Ẹ̀gbọ́n. Ó béèrè yín."

Fiapaipai mi orí. Ó nawọ́ igbá náà sí i. "Gbà. Má tu ú. Gbé e mì."

Tinei gbé igbá náà sẹ́nu, ó sì mu ún, obìnrin náà sì dúró tì í, ó ń wò ó, títí omi inú rẹ̀ fi tán.